Bí Onílù Ṣe Lè Mú Ọwọ́ Rẹ̀ Bá Ìlù Oníná Mu

Atokoligbé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbègbè mẹ́sàn-án tí ó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Bantè ní ẹkùn Collines, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Benin, Savalou sì ni ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá Bantè pààlà ní ìhà gúúsù. Ní irú ilẹ̀ yìí, tí èdè Ìtcha, Ifẹ̀ àti Mahi ti ń pàdé ara wọn lọ́jà, onílù kan náà lè lu ìlù níbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí ó tún lù ú ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n sì ránṣẹ́ pè é fún ọdún iṣu tí Savalou ń ṣe ní 15 oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún. Ìlù aláwọ ni ọwọ́ irú onílù bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ohun tí orí ìwé yìí pè ní ìlù aláwọ ni àkójọ ìlù òyìnbó tí ó ní snare, tom, bass drum àti cymbal, tí ohùn rẹ̀ ń ti ara rẹ̀ jáde bí a bá ti lu ojú rẹ̀, ìbáà jẹ́ awọ ẹran ni a fi bo ojú náà, ìbáà sì jẹ́ ike tí ó ti rọ́pò awọ níbi púpọ̀ láti nǹkan bí 1957 tí Remo Belli dá ilé-iṣẹ́ Remo sílẹ̀. Onílù tí ó ti mọ̀ ọ́n lù lọ́nà yìí, tí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ wá ra ìlù oníná, tí ó sì ń rí i pé ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe kọ́ ni ẹ̀rọ ń sọ jáde, ni a kọ orí yìí fún.

Ìlù oníná kì í dún níbi tí a ti lù ú. Páàdì, èyí tí í ṣe ojú tí ọ̀pá ìlù ń bà, ní sẹ́ńsọ̀ kékeré kan lábẹ́, tí ó máa ń pèsè iná díẹ̀ nígbà tí ó bá gbọ̀n, iná yìí ni ó sì ń gba inú wáyà lọ sínú àpótí ohùn, ìyẹn ẹ̀rọ tí í ṣe ọpọlọ ìlù náà, tí ìwé àlàyé rẹ̀ ń pè ní module. Àpótí ohùn á wo bí iná tí ó dé ti pọ̀ tó, á sọ ọ́ di òǹkà, á sì mú ohùn tí ó bá òǹkà náà mu jáde láti inú àwọn ohùn tí a ti tọ́jú sínú rẹ̀. Nínú ìlànà MIDI, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ohun èlò orin fẹnu kò lé lórí ní 1983, láti 1 dé 127 ni òǹkà agbára lílù mọ. Gbogbo ohun tí onílù ti ń fi ìka, ọrùn-ọwọ́, apá àti èjìká sọ fún ìlù aláwọ di òǹkà kan, pẹ̀lú àmì pé àárín ni ọ̀pá bà tàbí etí. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń ṣí kúrò nídìí ìlù aláwọ bọ́ sídìí ìlù oníná, nígbà náà, ni láti mọ ohun tí ẹ̀rọ lè wọ̀n àti ohun tí kò lè wọ̀n, kí ó sì máa ná agbára rẹ̀ síbi tí ẹ̀rọ ti lè gbà á. Ẹni tí kò mọ èyí á máa fi ipá lu ohun tí kò gbọ́ èdè ipá, ara rẹ̀ ni yóò sì san gbèsè rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí onílù san gbèsè yìí gan-an. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Simmons ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlù oníná rẹ̀ tí ó ń jẹ́ SDS-V jáde ní 1981, páàdì rẹ̀ oníigun mẹ́fà le gbagidi, kò gba ọ̀pá mọ́ra, kò sì dá a padà bí awọ ti ń ṣe, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ onílù tí ń lò ó ráhùn ìrora ọrùn-ọwọ́ àti ìgbọ̀nwọ́. Rọ́bà ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi tu wọ́n nínú lẹ́yìn náà, títí Roland ti ilẹ̀ Japan fi gbé V-Drums àkọ́kọ́ jáde ní 1997, tí àpótí ohùn rẹ̀ ń jẹ́ TD-10, pẹ̀lú ojú tí a fi àwọ̀n híhun ṣe, tí Remo bá a ṣe. Páàdì olójú rọ́bà àti páàdì olójú àwọ̀n ni ó wọ́pọ̀ jù títí di òní, ọ̀nà tí a fi ń lu ọ̀kan kò sì rí bákan náà pátápátá pẹ̀lú èkejì.

Mímú àpótí ohùn bá ọwọ́ mu

Kí onílù tó yí ọwọ́ rẹ̀ padà rárá, ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yí padà, nítorí pé bí ilé-iṣẹ́ ti ṣe ètò inú àpótí ohùn kò bá ọwọ́ ẹnì kan pàtó mu. Ètò tí ó ṣáájú ni ìgbọràn páàdì, tí a ó rí lójú ẹ̀rọ ní orúkọ sensitivity. Kí onílù lu páàdì snare ní agbára tí ó máa ń lò níbi tí orin ti gbóná jù, bí ó ti máa ń lù ú lójú ìjọ gan-an, kí ó sì máa wo ìlà tí ń gùn tí ó sì ń kúrú lójú ẹ̀rọ. Kí ó máa dín ìgbọràn náà kù títí ìlà yóò fi kan òkè díẹ̀ ní ìlù tí ó le jù lọ nìkan. Bí ìlà bá ti ń kan òkè ní ìlù àárín, a jẹ́ pé ìlù líle àti ìlù tí ó le jù ú lọ yóò dún bákan náà, orin á sì pàdánù òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ púpọ̀, ó sì ń jẹ́ kí àwọn ará ìjọ máa sọ pé ìlù oníná kò ní ẹ̀mí, nígbà tí ó jẹ́ pé ètò rẹ̀ ni a kò tún ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n ìsàlẹ̀, tí ẹ̀rọ ń pè ní threshold: ìlù tí kò bá tó ìwọ̀n yìí, ẹ̀rọ á kà á sí òfo. Kí a sọ ìwọ̀n náà kalẹ̀ títí ìlù tí ó fẹ́lẹ́ jù tí onílù ń lò yóò fi dún. Ṣùgbọ́n bí páàdì bá wá ń dún fúnra rẹ̀ nígbà tí àwọn akọrin ń jó lórí pákó, tàbí nígbà tí sípíkà ńlá ń mi ilẹ̀ nítòsí, kí a gbé e sókè díẹ̀. Ìkẹta ni àkóràn láàárín páàdì, tí ẹ̀rọ ń pè ní crosstalk, ìyẹn ni pé kí a lu tom kí cymbal sì dáhùn, nítorí pé orí irin kan náà ni a gbé gbogbo wọn kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré wọ inú ètò ẹ̀rọ láti wo èyí sàn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé nọ́ọ̀tì tí kò fún, tàbí apá irin méjì tí ó fara kan ara wọn, ni ó sábà fà á. Kí a fún nọ́ọ̀tì ná, kí a ya apá irin sọ́tọ̀, kí a tó fọwọ́ kan ètò. Níbi tí onílù bá ti ju ẹyọ kan lọ, ó dára kí olúkúlùkù tọ́jú ètò tirẹ̀ sábẹ́ nọ́ńbà tirẹ̀ nínú àpótí ohùn, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ má baà máa jìyà ètò ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo.

Ọwọ́

Ojú àwọ̀n máa ń ta ọ̀pá padà ju awọ lọ. Èyí dùn mọ́ ọ̀dọ́ onílù, nítorí pé ìlù wẹ́wẹ́ tí ó ń fi òógùn lù lórí awọ á máa yára jáde fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó bá gbára lé ìtapadà yìí á rọ, yóò sì kọsẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá padà sídìí awọ tí ó dẹ̀. Kí a fi kọ́kọ́rọ́ ìlù fa àwọ̀n náà dé ibi tí ọ̀pá yóò fi padà wá ní ìwọ̀n tí awọ snare ń dá a padà, kí a má sì fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a má sì jẹ́ kí ó dẹ̀ jù, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ páàdì olójú àwọ̀n, abẹ́ fóòmù kékeré kan ní àárín gan-an ni sẹ́ńsọ̀ jókòó sí, bí ọ̀pá bá sì bà á ní tààrà, ohùn rẹ̀ á pariwo ju ti ibi yòókù lọ fíìfíì. Onílù tí ó ti mọ́ lára láti máa lu àárín awọ nítorí pé ibẹ̀ ni ohùn ti kún jù gbọ́dọ̀ kọ́ láti máa lu ibi tí ó yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àárín, kí ọ̀wọ́ ìlù rẹ̀ lè dọ́gba. Ní ti rọ́bà, òun ń dá ìgbọ̀nrìrì padà sínú ọwọ́, nítorí náà kí àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di ọ̀pá mú fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí àwọn ìka yòókù kàn máa tọ́ ọ, kí ọwọ́ má sì tẹ ọ̀pá mọ́ páàdì lẹ́yìn tí ó bá ti bà á. Ọ̀pá tí orí rẹ̀ ti bó tàbí tí ó ti sán kò yẹ lórí àwọ̀n rárá. Ó máa ń já a.

Ohun tí ó ṣòro jù fún ẹni tí ó ti ń lu awọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kò gbọdọ̀ fi apá wá ariwo mọ́. Lórí awọ, bí ijó bá gbóná tí àwọn ènìyàn sì ń hó, onílù á gbé apá sókè, ohùn ìlù á sì ga, àwọ̀ ohùn náà á tún yí padà. Lórí páàdì, lẹ́yìn 127 kò sí nǹkan kan mọ́. Ẹni tí ó lu páàdì bí ẹni lagi àti ẹni tí ó lù ú dáadáa á gbọ́ ohùn kan náà, ṣùgbọ́n èyí àkọ́kọ́ ni èjìká yóò dùn lálẹ́. Bí agbo bá gbóná, ẹni tí ń darí ẹ̀rọ ohùn ni kí ó gbé ohùn ìlù sókè. Láti kọ́ ọwọ́ ní èyí, kí onílù yan ìlù kan tí ó rọrùn, kí ó máa lu ẹyọ kan tí ó dún ketekete tẹ̀lé mẹ́ta tí ó jẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ó sì máa wo òǹkà lójú ẹ̀rọ: kí ti àkọ́kọ́ wà ní nǹkan bí 100 sí 110, kí àwọn mẹ́ta yòókù má kọjá 40. Àwọn ìlù kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wọ̀nyí ni ó ń gbé ijó ró nínú highlife àti nínú Afrobeat, àwọn náà ni ó sì máa ń kọ́kọ́ sọnù lórí ìlù oníná.

Etí snare náà ní òfin tirẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ kí ọ̀pá ba ojú àti etí lẹ́ẹ̀kan náà kí ohùn lè ta bí ìbọn, awọ máa ń fàyè gba ọ̀pá tí igun rẹ̀ yà díẹ̀, ṣùgbọ́n páàdì ń fẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ ojú àti ti etí gbọ́ pọ̀ lójú kan náà. Kí onílù gbé páàdì sókè tàbí kí ó sọ ọ́ kalẹ̀ títí ọ̀pá yóò fi máa sùn gbalaja lé e. Ní ti ìlù tí a ń tẹ́ ọwọ́ lé ojú snare kí a tó fi ìdí ọ̀pá kan etí rẹ̀, èyí tí orin ìjọsìn tí kò yára fẹ́ràn púpọ̀, kí ọwọ́ kọ́kọ́ balẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ọ̀pá tó sọ̀rọ̀, nítorí pé àtẹ́lẹwọ́ tí ó bá já lu páàdì á dún bí ìlù.

Ìlù gbígbọ̀n, èyí tí onílù ń tẹ ọ̀pá mọ́ awọ kí ó lè máa gbọ̀n lọ títí láìdánu dúró, bíi ti ìgbà tí ẹgbẹ́ akọrin ń wọlé, ni páàdì kò lè ṣe dáadáa. Ẹ̀rọ ní àkókò kúkúrú kan tí kì í gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà ka ìgbọ̀nrìrì ìlù kan sí ìlù méjì. Ìtapadà wẹ́wẹ́ tí ó pọ̀ nínú ìlù gbígbọ̀n a sì máa bọ́ sínú àkókò yìí, ohun tí yóò jáde á wá dà bí èébì. Kí onílù fi ìlù méjì-méjì rọ́pò rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún méjì, ọwọ́ òsì méjì, kí ó lù wọ́n ní kedere, kí ó sì máa gbé òǹkà wọn gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó gba ìdánrawò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ó ń mú ọwọ́ mọ́ tónítóní.

Ẹsẹ̀

Hi-hat, ìyẹn cymbal méjì tí ó dojú kọ ara wọn tí ẹsẹ̀ òsì ń ṣí tí ó sì ń pa dé, ni a fi ń mọ onílù tí ó gbọ́n. Tony Allen, tí a bí ní Èkó ní 1940, tí ó lu ìlù fún Fẹlá Aníkúlápó Kútì nínú Koola Lobitos àti Africa 70, tí ó sì kú ní Paris ní 30 oṣù Kẹrin 2020, fi hi-hat ṣe ẹnu tí ń bá àwọn ìlù yòókù sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yí ohùn rẹ̀ padà láàárín ìlù kan sí èkejì. Lórí ìlù aláwọ, ìyípadà yìí kò ní ìpín: bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ tó ni ohùn ń yí tó. Lórí ìlù oníná, sẹ́ńsọ̀ ló ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ dé fún àpótí ohùn, àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú sì wà tí ó jẹ́ pé ṣíṣí, ìdajì àti pípadé nìkan ni wọ́n mọ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹ̀rọ ń yan ohùn ní àkókò tí ọ̀pá bà á gan-an. Bí ẹsẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tẹ pẹ́dà dé ìsàlẹ̀, tí ọ̀pá sì ti balẹ̀, ohùn ṣíṣí ni yóò jáde, yóò sì ké gbàà láàárín ìlù tí ó yẹ kí ó pa dé. Lórí cymbal gidi, àṣìṣe kan náà kò ju kí ó sín díẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí ẹsẹ̀ máa ṣáájú ọwọ́ ní ìwọ̀n tí ó kéré jọjọ, kí onílù sì fi ẹsẹ̀ nìkan ṣe ìdánrawò fún ìgbà pípẹ́, ní ṣíṣí àti pípadé, kí ó tó gbé ọ̀pá. Ìgbàkígbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ hi-hat kúrò níbi kan lọ sí ibòmíràn, kí a tún wọ̀n ọ́n fún ẹ̀rọ, ní gbígbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá, lẹ́yìn náà ní títẹ̀ ẹ́ dé òpin, gẹ́gẹ́ bí ìwé àlàyé ẹ̀rọ náà ti wí.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí ń lu bass drum, ní àṣà kan tí ó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílù ló ń tẹ orí òòlù pẹ́dà mọ́ awọ kí ohùn lè kú kíákíá. Lórí páàdì, òòlù tí a tẹ̀ mọ́ ọn á máa gbọ̀n níbẹ̀, ẹ̀rọ á sì ka ìlù méjì dípò ẹyọ kan. Kí òòlù balẹ̀ kí ó sì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti cymbal oní-rọ́bà, ọ̀pá tí ó kàn yọ̀ kọjá lára etí rẹ̀ kì í dún dáadáa. Kí a lu ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà ní tààrà, kí a sì fi ọwọ́ di etí rẹ̀ mú bí a bá fẹ́ kí ohùn rẹ̀ dákẹ́, níwọ̀n bí páàdì náà bá ti ní sẹ́ńsọ̀ létí.

Etí àti ibi tí ohùn wà

Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ni pé mítà mẹ́wàá ń gbà á ní nǹkan bí ìdá mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Snare aláwọ kò jìnnà sí etí onílù tó mítà kan. Ṣùgbọ́n bí sípíkà kan ṣoṣo tí ìlù oníná ń gbà dún bá wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, onílù á máa gbọ́ ara rẹ̀ ní ìdàdúró, àpótí ohùn pàápàá á sì ti fi ìdàdúró díẹ̀ tirẹ̀ kún un, ọwọ́ á wá máa fà sẹ́yìn láìmọ̀, orin á sì wúwo. Kí sípíkà kan wà lẹ́bàá ìjókòó onílù, kí ó sì dojú kọ àwọn onílù yòókù pẹ̀lú, nítorí pé alágogo tàbí onígángan tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ páàdì kò ní gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe ìró ọ̀pá lórí rọ́bà. Ní gbọ̀ngàn tí a fi páànù bo òrùlé rẹ̀, tí ohùn ti ń ta padà fúnra rẹ̀, kí a pa ìdáhùn àtọwọ́dá tí àpótí ohùn ń fi kún ìlù. Ẹni tí ó bá ń fi hẹ́dífóònù ṣe ìdánrawò, kí ohùn rẹ̀ mọ níwọ̀n. Etí tí ó bà jẹ́ kò ní àtúnṣe.

Ìlù ilẹ̀ ẹni lórí páàdì

Ẹkùn Savalou ni a mọ tchinkoumé mọ́, ìlù ìsìnkú àwọn Mahi tí a ń fi igbá tí a dojú rẹ̀ dé orí omi lù. Stan Tohon ni ó mú un wọ inú orin ìgbàlódé pẹ̀lú gìtá àti ìlù òyìnbó, tí ó sì pè é ní Tchink System. Ẹgbẹ́ Poly-Rythmo ti Cotonou, tí Mélomé Clément dá sílẹ̀ ní 1968, ti ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún ìlù ìbílẹ̀ tí ń jẹ́ sato, nítorí náà kò sí ohun tí ó ní kí ìlù ilẹ̀ ẹni má lè gba ara mìíràn. Onílù tí ó bá ní àpótí ohùn tí ń gba ohùn sílẹ̀ lè gba ohùn igbá orí omi náà sínú páàdì kan, ṣùgbọ́n kí ó má gba ẹyọ kan ṣoṣo. Kí ó gbà á ní jẹ́jẹ́, ní àárín àti ní líle, kí ó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ òǹkà tí ó bá a mu, nítorí pé ohùn kan tí ń tún ara rẹ̀ wí láìyí padà á tètè sú àwọn tí wọ́n ti gbọ́ igbá gidi láti kékeré. Kí ó sì kọ́kọ́ jókòó ti àwọn àgbà tí wọ́n ni ìlù náà, kí wọ́n fún un láṣẹ, nítorí pé ìlù òkú ni.

Dùndún àti gángan kò sí lára ìlù tí a lè gbé sórí páàdì bẹ́ẹ̀. Ohùn tí ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọwọ́ ti ń fún ọṣán rẹ̀ kò ṣeé fi òǹkà kan gbé, ìgbìyànjú láti fi páàdì sọ ohun tí dùndún ń sọ kì í sì í bí ohun tí ó dára. Nígbà tí Tony Allen àti Jeff Mills, ará Detroit ní Amẹ́ríkà, jọ gbé Tomorrow Comes the Harvest jáde ní 2018, Mills jókòó ti ẹ̀rọ TR-909, Allen sì jókòó ti ìlù aláwọ rẹ̀. Olúkúlùkù ṣe ohun tí irinṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí ó tọ́ ní Bantè náà nìyẹn: kí páàdì gbé ìdí orin ró, kí gángan máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Iná àti eruku

Iná tí ìlù oníná ń jẹ kò pọ̀. Fólítì 9 tàbí 12 ni ọ̀pọ̀ àpótí ohùn ń lò, bátìrì iná oòrùn tí ó ní ẹ̀rọ ayínápadà rẹ̀ sì lè gbé e. Sípíkà ni ó ń jẹ iná. Kí a má fi adaptor ẹ̀rọ kan sí òmíràn, kí a sì jẹ́ kí ẹ̀rọ amúnáwá ṣiṣẹ́ balẹ̀ ná kí a tó so ìlù mọ́ ọn. Ní àkókò ọyẹ́, kí aṣọ máa wà lórí páàdì àti àpótí ohùn nígbà gbogbo tí a kò bá lù wọ́n, nítorí pé eruku pupa a máa wọ ihò wáyà, á sì máa gé ohùn.

A wá ń bẹ àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ olórin ní Atokoligbé, Bantè àti Savalou pé, nígbà tí ìlù oníná bá dé, kí wọ́n má ta ìlù aláwọ tí ó wà nílẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó jẹrà nínú yàrá. Kí àwọn ọmọ tí ń kọ́ ìlù lọ́wọ́ máa fi ọjọ́ kan lù ú lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì fi ọjọ́ mìíràn lu ti oníná, nítorí pé orí awọ ni ọwọ́ ti ń kọ́ ohun tí yóò wá sọ fún ẹ̀rọ.